Wọ́n tẹ No, ètò mi ṣì pa orúkọ rẹ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Aláró
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan ni mò ń kọ fún àǹtí mi tí wọ́n ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta níbí. Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni mo fi kọ ọ́, mo sì fi tkinter, irinṣẹ́ rẹ̀ fún fèrèsé àti bọ́tìnnì, ṣe ojú rẹ̀. Kò ṣe ju kó máa tọ́jú orúkọ àwọn tó ra aṣọ láwìn, iye tó kù lọ́rùn wọn àti ọjọ́ tí wọ́n dá láti san án. Bí ẹnì kan bá san tán, àǹtí á tẹ "Pa á rẹ́", fèrèsé kékeré á sì jáde láti bi wọ́n bóyá ó dá wọn lójú.

Wọ́n tẹ Yes, orúkọ lọ. Wọ́n tẹ No, orúkọ tún lọ! Bí oníbàárà kan láti Ṣágámù tó kó àdìrẹ ẹlẹ́kọ láwìn ṣe pòórá nìyẹn. Àǹtí ní ó jọ pé kọ̀ǹpútà mi ti gba rìbá lọ́wọ́ àwọn onígbèsè.

```
idahun = messagebox.askquestion("Pa á rẹ́", "Ṣé ó dá yín lójú?")
if idahun:
    pa_re(onigbese)
```

Python ò sì ké àṣìṣe kankan. Kí ló fà á?

Ọ̀dọ́ Òkè-Ìlewó
Ọ̀rọ̀ ni askquestion ń dá padà, "yes" tàbí "no". Kì í ṣe True (òótọ́) tàbí False (irọ́). Lójú Python, ọ̀rọ̀ yòówù tí kò bá ti ṣófo, òótọ́ ni. "no" ní lẹ́tà nínú, torí náà if ṣílẹ̀kùn fún un. Kò tilẹ̀ wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Kọ `if idahun == "yes":`, tàbí kó o kúkú lo askyesno, òun ló ń dá True àti False padà. Èmi ò rí ohun tí èèyàn ṣì ń fi askquestion ṣe.

Ìyá Ìbejì Kútọ̀
Òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́. Lórí Windows, bí o kò bá sọ nǹkan kan, Yes ni Enter ń tẹ̀. Fi `default="no"` sí i. Ẹni tí oníbàárà dúró tì lọ́tùn-ún lósì, tó ń ka owó lọ́wọ́, kò ní ka ohun tó o kọ. Á kàn lu Enter.

Ìbéèrè yẹn gan-an kò sì dáa tó. Kí ló dá wọn lójú? Kọ orúkọ àti owó síbẹ̀: "Ṣé kí n pa orúkọ Ìyá Ṣágámù rẹ́? Ó ṣì ku ₦18,000." Bí wọ́n bá rí i pé owó ṣì kù, ọwọ́ wọn á dúró.

Ọmọ Aláró
Ẹ ṣeun gan-an, mà. No ti ń jẹ́ No báyìí. Ó ku ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ti ètò náà pa. Mo fẹ́ kó bi wọ́n bóyá kó fi iṣẹ́ pamọ́ kó tó lọ.

Bàbá Swing
askyesnocancel ni kó o lò, kó o sì fi `root.protocol` so iṣẹ́ náà mọ́ WM_DELETE_WINDOW, ìyẹn ìgbà tí wọ́n bá tẹ X láti ti ètò náà. Ìdáhùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀ o! True: fi pamọ́, kó o sì tì í. False: tì í bẹ́ẹ̀. None (kò sí èsì): má ṣe nǹkan kan, kó dúró. Bí wọ́n bá tẹ X fèrèsé ìbéèrè náà, None ni. Ohun tí mo sábà ń rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ni `if idahun: fi_pamo()`, kí wọ́n wá kọ `root.destroy()` sábẹ́ rẹ̀ láìsí if. Ẹni tó tẹ Cancel torí ó fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ nìyẹn. `is None` ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Nínú Swing tí èmi ń lò, irinṣẹ́ fèrèsé ti èdè Java, nọ́ńbà ni showConfirmDialog, fèrèsé ìbéèrè tirẹ̀, ń dá padà: YES_OPTION jẹ́ 0, NO_OPTION 1, CANCEL_OPTION 2, X sì jẹ́ -1. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé "bí kò bá ṣáà ti jẹ́ NO, pa á rẹ́", X á dá a lóró. YES nìkan ni kó máa wá. Ẹ má sì gbàgbé láti fún JFrame, fèrèsé ètò náà gan-an, ní DO_NOTHING_ON_CLOSE, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fèrèsé yẹn á fara pamọ́ bí oníṣẹ́ tilẹ̀ ní rárá.

Ọ̀dọ́ Òkè-Ìlewó
Ẹ jẹ́ n yapa díẹ̀, bàbá. Ní ti onígbèsè yẹn, èmi ò ní béèrè rárá. Bí ìbéèrè bá pọ̀ jù, ìka á kàn máa tẹ Yes fúnra rẹ̀ ni. Ẹ kàn sàmì sí i pé ó ti san, kó kúrò lójú, kí bọ́tìnnì "Dá a padà" wà nítòsí.

Ìyá Ìbejì Kútọ̀
Mo gbà, fún orúkọ kan. Bó bá jẹ́ gbogbo ìwé ọdún ni wọ́n fẹ́ nù, ẹ béèrè o jàre.

Ọmọ Aláró
Àmì ni màá lò. Àǹtí tún ní kí n kọ Yorùbá sára bọ́tìnnì. Ṣé messagebox á gbà?

Bàbá Swing
Kò gbà. Fi Toplevel, ìyẹn fèrèsé ọ̀tọ̀ nínú tkinter, ṣe tìrẹ: bọ́tìnnì méjì, "Pa á rẹ́" àti "Fi sílẹ̀", pẹ̀lú grab_set àti wait_window kí ètò lè dúró gbọ́ èsì. Kí fèrèsé tó jáde ni kó o ti kọ `esi = False`. Bí wọ́n bá tẹ X, ohun tó máa bá níbẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ Aláró
Ó ti yé mi, sà. Bí wọ́n bá mú iná dé, màá gbé kóòdù náà wá kẹ́ ẹ bá mi wò ó.