Lọ́rì tó gbẹ̀yìn wọlé

Awakọ̀ lọ́rì ni mí nínú iṣẹ́ ṣọ́jà nígbà tí wọ́n kó ECOMOG àkọ́kọ́, ìyẹn àpapọ̀ ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lọ síbi ogun abẹ́lé Làìbéríà ní oṣù kẹjọ ọdún 1990. NNS Ambe ni mo wọ̀, ọkọ̀ ojú omi àwọn nẹ́fì Nàìjíríà tí wọ́n kàn ní Jámánì, tí iwájú rẹ̀ máa ń là bí ẹnu kí mọ́tò lè wọ inú rẹ̀.

Kíkó ẹrù ni mo rántí jù. Mọ́tò tó bá kọ́kọ́ wọlé ló máa gbẹ̀yìn jáde, nítorí náà ibi tí ẹ ń lọ lẹ ó ti máa rò kí táyà kankan tó gun ọkọ̀. Ní Apapa, àwọn alásè fẹ́ kí lọ́rì ìkòkò àti ìrẹsì wọn wà lẹ́nu ọ̀nà, kí oúnjẹ lè tètè jinná tí a bá gúnlẹ̀. Sájẹ́ǹtì wa bi wọ́n pé, ṣé ìrẹsì la ó máa jù lu ọ̀tá? Inú lọ́hùn-ún ló ní kí wọ́n lọ. Èmi tí mo ru ọta ni mo gbẹ̀yìn, ẹ̀yìn ni mo sì fi wọlé, wọ́n wá fi ṣéènì de lọ́rì náà mọ́lẹ̀ gbọningbọnin.

Abẹ́ ọkọ̀ yẹn tẹ́ pẹrẹsẹ kó lè sún mọ́ etí omi, ìdí nìyẹn tó fi ń fì sọ́tùn-ún sósì lójú agbami. Àwọn géńdé tó ń fọ́nnu ní Apapa, èébì ò jẹ́ kí wọ́n gbórí sókè. Àwọn ọmọ nẹ́fì ń fi wá rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì dárí jì wọ́n.

Freetown ní Sàró la ti bá àwọn ará Gánà àti àwọn yòókù pàdé. Ọ̀gágun Arnold Quainoo, ará Gánà, ni olórí wa. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà, a wọ Freeport, èbúté Monrovia, àwọn ọmọ ogun ọlọ̀tẹ̀ Charles Taylor sì dá ìbọn bò wá. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìrẹsì.

— Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu o. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yín ló rán mi létí bàbá wa àgbà tó lọ jagun Bọ́má. Ọkọ̀ ló gbé wọn láti Èkó lọ sí Íńdíà. Wọ́n ní àwọn ò gbọdọ̀ ṣáná lórí dẹ́kì lálẹ́, kí ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ọ̀tá má bàa rí wọn. Bàbá ní àìmu sìgá yẹn nira ju òkun lọ!

— O ṣeun, àbúrò. Tiwa ò le tó bẹ́ẹ̀. A ń mu sìgá wa, àfi ẹni tó bá fẹ́ mu ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rì tèmi.