Gírámófóònù tí wọ́n fi ọ̀dà kùn: kí n rà á ni, àbí kí n fi í sílẹ̀?

Àdìó Òkè-Àdó:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí owó tó jáde lápò mi. Ìdílé kan níbí ní Ìbàdàn ń palẹ̀ ilé bàbá wọn mọ́, wọ́n sì fẹ́ ta gírámófóònù alápòótí kan. Ti orí tábìlì ni, kò ní ìwo níta. Iwájú ni ohùn ń gbà jáde, lẹ́yìn ilẹ̀kùn kékeré méjì. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun gbogbo ara rẹ̀, irú èyí tí a fi ń kun géètì, ó tilẹ̀ ṣàn wọ inú àgbékọ́ ilẹ̀kùn náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ọmọrí, ọ̀dà kò dé inú. Igi pupa tó ń dán ló wà níbẹ̀, àwòrán ajá tó ń gbọ́ ohùn ọ̀gá rẹ̀, àmì iléeṣẹ́ tó ṣe é, sì hàn kedere.

Mo wáìn ín, ó yí, àmọ́ ó ń dún kẹ̀kẹ̀ lábẹ́, kò sì pẹ́ tó fi dúró. ₦180,000 ni wọ́n dá lé e. Bàbá mi àgbà fi àwo sílẹ̀ fún wa, sákárà wà nínú wọn, n kò sì gbọ́ ọ̀kan rí. Káfíńtà àdúgbò ní òun á fi sandpépà họ ọ̀dà náà tán láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá Àwo:
Àbúrò, ọ̀dà kọ́ ni kó o kọ́kọ́ wò. Káfíńtà kún ìgboro, ẹ̀rọ inú rẹ̀ ni owó wà. Kò lo iná rárá: sípíríǹgì gígùn kan ló ká jọ sínú agolo irin, òun ló ń yí àwo. Gíríìsì inú rẹ̀ á ti gan, ó dá mi lójú pé ohun tó ń dún kẹ̀kẹ̀ nìyẹn. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi gíríìsì tuntun sí i ni. Bí sípíríǹgì bá tilẹ̀ já, wọ́n ṣì ń ṣe tuntun tà nílẹ̀ Òyìnbó. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò gbọ́dọ̀ ṣí agolo yẹn o. Tó bá fò jáde, á bó ẹran ọwọ́ rẹ̀.

Padà lọ. Fi bébà kékeré kan há abẹ́ àwo, wáìn ín dáadáa, kó o máa kà á. 78 ló yẹ kó yí ní ìṣẹ́jú kan, kó sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ojú àwo kan á fi tán, bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, yọ orí tó ń gba abẹ́rẹ́, kó o wo ẹ̀yìn rẹ̀. Irin àdàlù tí wọ́n fi ṣe àwọn kan máa ń wú, á wá sán. Bó bá ti sán, ibẹ̀ ni kó o ti ná an wálẹ̀. Rọ́bà inú rẹ̀ tó ti gan kò tó nǹkan, pípààrọ̀ ni.

Ìyá Tóbi Alága:
Láàárọ̀ ọjọ́ kan kẹ̀? Iṣẹ́ pọ́líìṣì àga ni mò ń ṣe, ẹ lé káfíńtà yẹn jìnnà. Irú àpótí bẹ́ẹ̀, igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀. Kí sandpépà tó lọ tó bọ̀, ó ti lu ú. Òjé sì máa ń wà nínú ọ̀dà ayé àtijọ́, eruku rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń fà símú.

Wá igun kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ojú kò tó, fi òwú tó mu sípírítì díẹ̀ lé e. Ṣẹ́láàkì, irú oje kòkòrò kan, ni wọ́n sábà fi ń ṣe pọ́líìṣì nígbà yẹn, sípírítì sì ń yọ́ ọ. Bí wọn ò bá fá pọ́líìṣì náà kí wọ́n tó kun ọ̀dà lé e, nígbà míì ìsàlẹ̀ á rọ̀, ọ̀dà á sì bó bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí kò bá ṣí, ra oògùn tí wọ́n fi ń bó ọ̀dà, èyí tó ki. Ìta gbangba ni kó o ti lò ó, kó o wọ ìbọ̀wọ́, igi pẹlẹbẹ ni kó o fi ha á, má fi ọ̀bẹ. Má fi iná sí i o, ooru ń yọ́ àtè tí wọ́n fi lẹ igi náà. Tú àwọn àgbékọ́, rẹ wọ́n sínú omi gbígbóná onísóópù di ọjọ́ kejì.

Inú ọmọrí, má fọwọ́ kàn án. Sípírítì ẹ̀ẹ̀kan, ajá ti lọ.

Fúnlọlá Peckham:
Ẹ̀gbọ́n Àdìó, ayédèrú pọ̀ níbí ní Lọ́ńdọ̀nù: ìwo idẹ tó ń kọ mànà, àpótí tuntun, ẹ̀rọ tí wọ́n tú lára ògbólógbòó, àwòrán ajá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Íńdíà ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Tiyín kò jọ bẹ́ẹ̀, torí ìwo yẹn gan-an ni oníjìbìtì fi ń fa ojú oníbàárà.

Ẹ tún gbọ́ o: àwòrán ajá yẹn pàápàá, wọ́n ti fi ọ̀dà bò ó rí. Ẹ̀rọ Edison tó ń lo ọ̀pá ìda dípò àwo ni Francis Barraud kọ́kọ́ yà síwájú ajá náà, Nipper. Ní 1899, iléeṣẹ́ Gramophone ní àwọn á rà á bó bá lè ya ẹ̀rọ tiwọn rọ́pò. Ó kun ti àkọ́kọ́ bò, ó ya tiwọn lé e lórí.

Làmídì:
Èmi ò rí aburú nínú ọ̀dà yẹn o. Ẹ jẹ́ kó kọrin, ẹ fi àwọ̀ ewé yín sílẹ̀. Ẹni tó kùn ún ò sọ ọ́ nù, ó ń tọ́jú ẹ̀ ni. ₦180,000 ló pọ̀ jù ṣáá.

Ìyá Tóbi Alága:
Làmídì, kò sí bọ́tìnì tí wọ́n fi ń dín ohùn kù lára rẹ̀, ilẹ̀kùn yẹn ni. Ọ̀dà ti dì í pa, báwo ló ṣe fẹ́ ṣí i?

Àdìó Òkè-Àdó:
Mo dúpẹ́ gan-an. Mo padà síbẹ̀. Ó yí dé 78, ṣùgbọ́n kò tíì dé ìdajì àwo tó ti ń rẹ̀ ẹ́. Orí abẹ́rẹ́ náà sán lẹ́yìn lóòótọ́. Mo fi hàn wọ́n, a ná an títí, wọ́n gbà ₦110,000. Ó ti wà nílé mi báyìí. Eruku pọ̀ lórí àwọn àwo, ṣé kí n fi sípírítì nù wọ́n?

Bàbá Àwo:
Háà! Má dán an wò. Ṣẹ́láàkì tí Ìyá Tóbi ń sọ, òun náà ló wà nínú àwo yẹn. Sípírítì á jẹ orin inú rẹ̀ tán. Omi tútù díẹ̀ àti sóópù tí kò le, má jẹ́ kó kan bébà àárín. Má tíì gbé wọn lé ẹ̀rọ tí orí rẹ̀ sán. Bí o bá rí orí mìíràn, abẹ́rẹ́ irin kan fún ojú àwo kan ni. Jù ú nù, mú òmíràn. Elpíì Ebenezer Obey, má gbé e síbẹ̀ láé, á họ ọ́ bàjẹ́.

Sákárà ta ni? Bó bá jẹ́ ti Abibu Olúwa, pè mí kó o tó fomi kàn án. Láti 1922 tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti lọ kọrin sórí àwo fún iléeṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ni ohùn Yorùbá ti wà lórí irú àwo yìí, wọ́n sì ń fọ́ lójoojúmọ́.

Fúnlọlá Peckham:
Mò ń bọ̀ wálé ní oṣù Kejìlá, mo lè gbé abẹ́rẹ́ bọ̀. Ẹ ya fọ́tò orí tó sán yẹn ránṣẹ́ sí mi, kí n fi wá ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìyá Tóbi Alága:
Èmi náà, ya fọ́tò ẹ̀yìn àpótí ránṣẹ́ sí mi kó o tó da ohunkóhun sí i. Kó o sì sọ fún káfíńtà pé o ti rìnrìn àjò.