Kí ni gẹ̀gẹ̀ ń wá nínú orúkọ parathyroid?

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará.

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìsánlú dábàá pé kí á máa pe parathyroid, àwọn ẹ̀yà ara kéékèèké kan lọ́rùn, ní "ọmọ gẹ̀gẹ̀", kí á sì pe àìsàn tí wọ́n lè fà nígbà mìíràn, tó ń dé lójijì bá pancreas, ẹ̀yà inú ikùn tó ń ṣe oje tó ń da oúnjẹ, ní "ajẹrarẹ̀". Ẹ̀gbọ́n, mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ ọ́: mi ò fara mọ́ méjèèjì.

Ní Kábà níbí, àìsàn tí ojú ń rí lọ́rùn ni gẹ̀gẹ̀. Parathyroid kò hàn sójú. Mẹ́rin ló sábà máa ń jẹ́, wọ́n fara pamọ́ sẹ́yìn thyroid, ẹ̀yà ọrùn tó ń wú di gẹ̀gẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju hóró ìrẹsì lọ. Kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń ṣọ́. Bó bá ti lọ sílẹ̀, họ́mónù wọn, ìyẹn oje tí wọ́n ń dà sínú ẹ̀jẹ̀, á fà á yọ lára eegun, á ní kí kíndìnrín má dà á nù sínú ìtọ̀. Mo sọ "ọmọ gẹ̀gẹ̀" létí ìyá kan tó ń ta gààrí. Ó fọwọ́ pa ọrùn rẹ̀ yíká, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o rí gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn mi ni?" Inú ń run ènìyàn, ẹ wá ní gẹ̀gẹ̀ ló fà á, á dìde kúrò níwájú dókítà ni.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni kí á fi sọ wọ́n lórúkọ: ẹṣẹ́ aṣọ́-kálísíọ̀mù (ẹṣẹ́ ni gland, ẹ̀yà ara tó ń ṣe oje tàbí họ́mónù). Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá ní kókó, tí kò mọ ìgbà tí kálísíọ̀mù tó mọ́, "àṣejù ẹṣẹ́" ni kí á pè é. Ẹnìkan kọ "alágbára jù". Agbára ni àwọn ènìyàn ń gbàdúrà fún, wọn ò ní kà á sí àìsàn.

Ní ti pancreas, ẹ̀gbọ́n ríran. Oje rẹ̀ tó ń da oúnjẹ kì í jí títí yóò fi dé inú ìfun. Kálísíọ̀mù tí àṣejù ẹṣẹ́ bá mú pọ̀ lápọ̀jù lè jí i síbi tó wà, kó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran ara pancreas fúnra rẹ̀. Kálísíọ̀mù náà sì lè di òkúta, kó dí ọ̀nà oje náà. Ṣùgbọ́n ẹ pe "ajẹrarẹ̀" ní Ìjùmú, jẹjẹrẹ ni wọ́n máa gbọ́, ẹbí á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Wíwú òjijì pancreas" tó. Kí jíjẹ náà wà nínú àlàyé.

Ẹ jọ̀ọ́, kí àlàyé náà má sọ pé ọrùn ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Òkúta òróòro àti ọtí líle ló ń fà á jù; ti ẹṣẹ́ yìí ṣọ̀wọ́n. Síbẹ̀, láti 1957 ni àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ pé wíwú yìí lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ tí àṣejù ẹṣẹ́ máa fi hàn. Kálísíọ̀mù sì lè wálẹ̀ nígbà tí inú ń run lọ́wọ́, kí àyẹ̀wò má rí nǹkan kan. Ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe nígbà tí ara bá balẹ̀.

"Ẹṣẹ́" gan-an ṣì ń dà mí láàmú, nítorí ó sún mọ́ ẹ̀ṣẹ́ tí à ń lù. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bi àwọn alápatà ní Ìsánlú: kí ni wọ́n ń pe àwọn kókó ẹran kéékèèké tó wà lọ́nà ọ̀fun màlúù?