Òṣùwọ̀n tí mo gbé lọ sí Ìlárá

Ẹ kú ìjókòó o. Ìtàn ẹ̀gbọ́n wa ará Ṣábẹ̀ tí ọlọ́pàá ní kó san "fine", ìyẹn owó ìtanràn, lójú títì Nàìjíríà, tó rò pé wọ́n ní nǹkan òun dára, ló rán mi létí tèmi. Kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá, torí mo mọ bó ṣe ń dunni.

Ẹ̀wà ni mò ń tà ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Mo ní oníbàárà kan l'Ékòó tí kò gbọ́ Yorùbá, ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń wá rajà la fi ń ṣòwò. Ó ti san owó àpò 20, mo ti kó 12 ránṣẹ́. Ló bá kọ ọ́ sórí fóònù mi pé: "Bring the balance on Friday."

Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níwèé. "Balance" tí mo mọ̀, òṣùwọ̀n ni. Inú mi bàjẹ́. Mo ní, ṣé ọkùnrin yìí rò pé mò ń fi agolo rẹ́ òun jẹ ni? Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo yá òṣùwọ̀n onírin lọ́wọ́ alágbàdo kan, mo fi aṣọ wé e, mo gun zémíján, ìyẹn ọ̀kadà tiwa, ó di Ìlárá lẹ́nu ibodè Nàìjíríà. Ọkọ̀ ẹrù ti ń dúró. Awakọ̀ wo ẹ̀yìn mi, ó ní, "Màmá, àpò 8 tó kù dà?"

Ọkọ̀ padà lófìfo, èmi ni mo sanwó rẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé oníbàárà mi rò pé mo fẹ́ gbówó òun sá lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló là mí lóye. Ó ní "balance" lè jẹ́ òṣùwọ̀n lóòótọ́, àmọ́ lẹ́nu oníṣòwò, ohun tó ṣẹ́ kù ni, ìbáà ṣowó, ìbáà ṣẹrù. Ní báńkì, iye téèyàn ní nílẹ̀ ni. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ tí kò ṣubú, "balance" lòun náà ní. Ó ní kí n wo "pa" tiwa: a ń pa ẹran, a ń pa iná, a ń pa owó, a ń pa àlọ́, ta ló ń ṣi ọ̀kan gbọ́? Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e la fi ń mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ti rántí àpò 12 yẹn ni, ǹ bá ti mọ ohun tó ń béèrè.

Mo bẹ oníbàárà mi, mo kó àpò 8 lọ, a ṣì jọ ń ṣòwò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kọ "charge" ránṣẹ́. Ẹrù ni lédè Faransé. Mi ò dì í lẹ́rù kankan, mo pè é, mo bi í: ṣé iná fóònù ni, àbí owó? Owó tí awakọ̀ fẹ́ gbà ni.