Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Tọ́ Ọmọ Tí Kò Ríran, Ẹ Wá Sọ Tiyín

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ilé o. Ẹni tó béèrè bí a ṣe ń tọ́ ọmọ tí kò ríran, èmi á sọ tèmi. Ó gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀.

Àkànní mi ti lé lọ́mọ ọdún márùn-ún báyìí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bí i. Ojú rẹ̀ mọ́ lóló, kò funfun, kò pọ́n, ìdí nìyẹn tí àwọn ará ilé fi sọ pé àròyé lásán ni mò ń ṣe. Ọsibítù ńlá Ìdí-Àràbà ni dókítà ojú ti là á yé wa pé iṣan tó ń gbé ohun tí ojú bá rí lọ sínú ọpọlọ ni kò dàgbà tó láti inú oyún, àti pé kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè tún un ṣe. Nígbà tí a délé, ọ̀kan ní kí n máa fún ọmú sí i lójú, ọ̀kan ní omi àlùbọ́sà, ọ̀kan gbé àgbo wá. Mi ò kán ìkankan sí i. Ẹ̀yìn ojú lọ́hùn-ún ni ọ̀rọ̀ wà, kí ni àlùbọ́sà fẹ́ bá débẹ̀?

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí irú wọn, ẹ gbọ́ èyí, torí mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún mi. Ọmọ tó ríran, tí ìyá rẹ̀ bá wọlé, á máa ju ọwọ́ ju ẹsẹ̀, á rẹ́rìn-ín. Tèmi, ṣe ló máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọwọ́ á dúró, ẹsẹ̀ á dúró, kò ní kọjú sí mi. Àwọn ènìyàn ní ọmọ yìí kò mọ ìyá rẹ̀, pé bóyá orí rẹ̀ náà kò pé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó ń gbọ́ mi ni. Etí rẹ̀ ló kọ sí mi, kì í ṣe ojú. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá inú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dùn, ẹ fi ojú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ wo ìka ọwọ́ rẹ̀. Ìka Àkànní á máa ṣí, á máa pa dé, bí ẹni tó ń wá nǹkan dì mú.

Ó sì pẹ́ kó tó rá. Kí ló ń mú ọmọ rá? Ohun tó rí lọ́ọ̀ọ́kán tó wù ú ni. Èyí tí kò rí nǹkan kan, àfi kí ohùn fà á, bẹ́ẹ̀ ó máa ń pẹ́ kó tó yé ọmọ pé ohun tó ń dún yẹn ṣe é dì mú. Mo kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo mílíìkì, mo dé e pa, mo ń yí i lọ síwájú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá ọkọ mi kò fara mọ́ ọn. Lójú tiwọn, ẹni tí kò ríran kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kọ, ẹ̀yìn ló yẹ kó wà. Wọ́n pọ̀n ọ́n, wọ́n pọ̀n ọ́n, títí ẹ̀yìn fi ń dun àwọn náà. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Mo ṣáà ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni bí wọ́n bá ti yíjú.

Ọjà Olúwo ni mo ti ń ta ẹja. Láti ìgbà tó ti lè jókòó dáadáa ni mo ti ń mú un dání, tí mo ń ki ọwọ́ rẹ̀ bọ inú bàsíà. Ó mọ àrọ̀ torí pé kò ní ìpẹ́, tí irùngbọ̀n sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ ẹpìyà torí ìpẹ́ àti ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀. Akàn, ó fi ọgbọ́n gbá a mú láti ẹ̀yìn. Ọjọ́ tí ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ orí àrọ̀ gún un, ẹ̀jẹ̀ jáde, gbogbo ìyá ọjà pariwo lé mi lórí bí ẹni pé mo fẹ́ pa á. Ó sunkún, mo fọ ọwọ́ rẹ̀, mo fi ibi tí ẹ̀gún náà wà hàn án, mo sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mú àrọ̀. Nísinsìnyí, á tẹ ara ẹja, tí ibi tó tẹ̀ kò bá padà, á ní, “Ìyá mi, èyí ti pẹ́ nílẹ̀ o.” Níwájú oníbàárà! Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ kó yé ṣe.

Ẹ wá wo èyí. Ìyá kan wá ra ẹja, ó rí Àkànní, àánú ṣe é. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ, ó fi igba náírà sí i, ó ní, “Gbà, sàárà ni, bá mi ṣàdúrà.” Mo rọra gba owó náà, mo dá a padà fún un. Mo ní, “Ẹ ṣeun, ìyá mi. Ẹja là ń tà níbí.” Ó bínú, ó ní mo ń dínà ìbùkún ọmọ. Àwọn tí a jọ ń tajà pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní. Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe sàárà, mùsùlùmí lèmi náà. Àmọ́ ọmọ tí ènìyàn bá ń fi owó sí lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà tó bá na ọwọ́ síta, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbà pé ohun tí Ọlọ́run ṣe ọwọ́ fún nìyẹn. Ọwọ́ yẹn gan-an ló fi ń mọ ayé. Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n fi owó dí i.

Ọ̀rọ̀ ìkíni náà wà ńbẹ̀. Àgbàlagbà á wọlé láìfọhùn, á dúró, á máa retí ìdọ̀bálẹ̀. Tí ọmọ kò bá kí i, á ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo ti sọ fún gbogbo agboolé wa pé ẹni tó bá fẹ́ kí Àkànní dọ̀bálẹ̀, kó kọ́kọ́ wúkọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n ń wúkọ́. Ẹ má sì kàn ṣàdédé gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ dárúkọ ara yín. Ẹ̀yin náà, tí ẹnìkan bá gbé yín sókè nínú òkùnkùn ńkọ́?

Oorun rẹ̀ ló dà wá láàmú jù. Kò rí ìmọ́lẹ̀, nítorí náà ara rẹ̀ kò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán. Láàjìn ni yóò jí, á fẹ́ kọrin. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé àsìkò kan náà là ń wẹ̀ ẹ́, tí à ń fún un lóúnjẹ, lójoojúmọ́. Kò tíì dára tán. Ó sì máa ń ki ìkúùkù bọ ojú, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Dókítà ní ká má jẹ́ kó máa ṣe é torí ó lè mú ojú jìn wọnú. Bíbú kò ràn án. Nǹkan ni mo máa ń fi sí i lọ́wọ́.

Bàbá Bíríkìlà, Ìkòròdú

Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ kú ìtọ́jú. Tọmọ tèmi kò fọ́ tán, ó ń ríran díẹ̀. Fọ́tò ló tú àṣírí rẹ̀. A ya fọ́tò níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìgbógbó, iná kámẹ́rà tàn, ojú ọ̀tún rẹ̀ pọ́n nínú fọ́tò bíi ti gbogbo wa, ti òsì funfun. Ìyàwó mi ní fóònù ni kò dára. Mo ní ká lọ ṣáá. Dókítà ní ẹni tó bá rí irú funfun yẹn nínú ẹyin ojú ọmọdé kò gbọdọ̀ fi falẹ̀, torí ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ojú, èyí tó ń pa ọmọ. Tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀, dígí inú ojú ló ti di funfun. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

Èyí tó wá ń fa ìjà ni pé wọ́n ní ká máa fi báńdéèjì bo ojú tó dára fún wákàtí mélòó kan lóòjọ́, kí èyí tó ń ṣọ̀lẹ máa ṣiṣẹ́. Gbogbo àdúgbò ló ń bi mí pé kí ló dé tí mo ń bo ojú tó ríran. Ó ti rẹ̀ mí láti máa ṣàlàyé. Awò ojú rẹ̀, rọ́bà tí wọ́n ń rán sí ìdí ṣòkòtò ni a fi so ó mọ́ ẹ̀yìn orí, torí ó ti ju méjì sínú kànga.

Ìyá Àgbà Alágbọn, Àgbádárìgì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ èyí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni àbúrò rẹ̀ tí kò ríran, òun àti èmi la jọ ń gbé ní Àjárà. A mú un lọ sí ilé ìwé aládàáni kan, olùdarí ní àwọn òbí yòókù á kó ọmọ wọn lọ. Kí ni kí n ṣe?

Tíṣà, Àgbádárìgì

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ìyá wa. Èmi fúnra mi kò ríran láti kékeré, mo sì ń kọ́ni. Fóònù tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀. Ohun tí olùdarí yẹn ṣe lòdì sófin. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kíní 2019 kò fàyè gba kí wọ́n ya akanda ẹ̀dá sọ́tọ̀, ó sì fún wọn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé ìwé girama. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe tirẹ̀ láti 2011, ọ́fíìsì LASODA ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà. Ẹ fi ẹjọ́ sùn wọ́n. Àmọ́ kí n sọ òótọ́, òfin kì í kọ́ ọmọ ní Braille, ìwé tí ẹni tí kò ríran ń fi ìka kà. Bí ẹ bá fi tipátipá wọ ibi tí kò sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n, yóò kàn jókòó ni. Ẹ tún béèrè nípa Pacelli, ilé ìwé àwọn ọmọ tí kò ríran ní Sùúrùlérè, tí ìjọ Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní 1962. Inú ọgbà ni àwọn ọmọ ń gbé, mo mọ̀ pé ìyẹn lè dùn yín, ọmọ ọdún mẹ́fà kéré láti fi ilé sílẹ̀.

Ẹ má dúró de ilé ìwé kankan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àmì kéékèèké mẹ́fà tó yọ síta ni wọ́n fi ń kọ gbogbo lẹ́tà Braille: mẹ́ta lápá òsì, mẹ́ta lápá ọ̀tún. Louis Braille, ọmọ Faransé tí irinṣẹ́ bàbá rẹ̀ gún lójú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, tí ojú rẹ̀ méjèèjì sì fọ́ nígbà tó fi di ọmọ ọdún márùn-ún, ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1829, ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà. Ẹ gé páálí ẹyin kó ku ihò mẹ́fà, ẹ wá ọsàn kéékèèké. Ọ̀kan sí ihò òkè lápá òsì, A nìyẹn. Ẹ fi ọ̀kan sí i nísàlẹ̀ rẹ̀, ó di B. Tí gbogbo apá òsì bá kún, L nìyẹn. Kí ìka rẹ̀ sì lágbára ṣáájú: kó máa bó ẹ̀gúsí, kó máa ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Ìyá Ẹlẹ́ja ti ń ṣe é láìmọ̀. Ẹ wá ọ̀pá funfun tó bá gíga rẹ̀ mu fún un pẹ̀lú. Kì í ṣe ti àgbà nìkan.

Ìyá Àgbà Alágbọn, Àgbádárìgì

Ọlọ́run á bù kún un yín. Ìyá Ẹlẹ́ja, báwo lọmọ tiyín ṣe ń mọ aṣọ rẹ̀? Tèmi, ojoojúmọ́ ló ń wọ ẹ̀wù síwá sẹ́yìn.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́

Ìyá wa, ẹ rán bọ́tìnnì kan sínú ọrùn aṣọ lápá ẹ̀yìn. Kò ní hàn síta, ọwọ́ á kàn án. Ti Àkànní, bọ́tìnnì kan fún aṣọ ilé, méjì fún ti Jímọ̀. Bàtà ọ̀tún, mo so okùn mọ́ ọn.

Tíṣà, mo ti ní kí ẹlẹ́yin bá mi fi páálí pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ní ọsàn? Àkànní á ti jẹ ẹ́ tán kó tó dé B.

Tíṣà, Àgbádárìgì

Ẹ lo ọsàn wẹ́wẹ́ nígbà náà. Kíkan rẹ̀ á ṣọ́ ara rẹ̀.