Ṣé rélùwéè ò lè tún máa kó ẹrù oko wa ni?

ỌmọÒkukù: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, kí ló dé tí rélùwéè ò fi lè máa kó iṣu wa láti Òkukù àti Ìkìrun lọ Èkó déédéé, ojú irin ṣáà ti wà níbẹ̀ látayé òyìnbó, owó tírélà ti fẹ́ẹ̀ jẹ èrè àwọn ìyá wa tán!

Adé_Mọ́níyà: Ẹ̀gbọ́n, ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí láti Èkó ní 2021, Ìbàdàn ló parí sí. Àlàfo àárín irin ẹ̀ méjèèjì jẹ́ mílímítà 1435, ti àtijọ́ tó gba ọ̀dọ̀ yín jẹ́ 1067, ọkọ̀ kan náà ò lè gba orí méjèèjì.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́: Ẹ kúkú tún ti àtijọ́ yẹn ṣe, kẹ́ ẹ so wágọ̀nù ẹrù mọ́ ti èrò, kẹ́ ẹ kọ́ ṣẹ́ẹ̀dì sí stéṣọ̀n torí òjò.

ỌmọÒkukù: Ẹ ṣé mà. Kó ṣáà ti ní àkókò tó ń dé, tọ́jà ò fi ní bàjẹ́.