Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀

Ẹ kú dédé ìwòyí o. Nípa ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ìwé ń bà lẹ́rù, ohun tí ojú mi rí ní kíláàsì kẹta tí mò ń kọ́ ní Ìbàdàn nìyí.

Ohunkóhun tí mo bá kọ sójú pátákó ni wọ́n ń dà kọ, lẹ́tà wọn á sì gún régé. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí wọ́n kọ gbólóhùn kan fúnra wọn, ẹnu mi ni wọ́n á máa wò. Ọmọdébìnrin kan tiẹ̀ wà, bó bá kọ ọ̀rọ̀ kan, á pa á rẹ́, á tún un kọ, á tún pa á rẹ́, títí ìwé á fi lu. Bíírò pupa ló ń bà á lẹ́rù.

Ni mo bá pa bíírò pupa tì ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Mo ní kí kálukú kọ ohun tó wù ú, bó ṣe ń sọ ọ́ nílé. Ọmọ yìí kọ nípa ìyá àgbà rẹ̀ tó ń dín àkàrà: bí wọ́n ṣe ń ju àlùbọ́sà sínú òróró, tó bá ti hó, ó ti gbóná nìyẹn. Kò sí àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ kankan. N ò fọwọ́ kàn án, mo ní kó kà á fún wa. Ó kà á dé àárín, ó dúró, ó ní, “Tíṣà, mo ti fo nǹkan kan níbí,” ló bá mú pẹ́ńsù, ó tún un ṣe. Ẹnì kankan ò rán an. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ yẹn!

Ọ̀rọ̀ èdè náà tún wà níbẹ̀ o. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀nà, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọmọ tó ń wá ohun tó fẹ́ sọ, tó tún ń wá èdè tí yóò fi sọ ọ́, ẹrù méjì ló rù.

*Ìdáhùn, Bàbá Ìbejì, Ìlọrin:*

Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà. Ọmọkùnrin mi kì í fẹ́ kàwé sókè, torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ti pe ọ̀rọ̀ náà fún un kó tó lanu. A ní kí ẹ̀gbọ́n máa dákẹ́. Ní báyìí, ó ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù fún mi lálaalẹ́, ibi tó bá le, á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀. Àmọ́ bọ́ọ̀lù nìkan ló fẹ́ kà. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, àbí kí n wá nǹkan míì sí i?